Ohun Tí Delphine Kò Lè Sọ

Ọkùnrin náà gbàgbé gíláàsì iṣẹ́ síwájú orí. Gíláàsì ńlá tí àwọn olùkọ́ kẹ́mísìrì fi ń dáàbò bo ojú ni, ó sì gbé e rìn la gbogbo ọgbà Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tamarack kọjá nínú yìnyín oṣù kọkànlá láìmọ̀ pé ó wà lórí òun. Nígbà tó fi máa kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Delphine Lacasse, yìnyín ti kún inú gíláàsì náà, ó ń yọ́, ó sì ń kán sí i nímú. Delphine wò ó láti òkè délẹ̀. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó gbé e mì, nítorí ojú ọkùnrin yìí kì í ṣe ojú ẹni tó wá ṣeré.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibí ni wọ́n ti ń gba èèyàn nímọ̀ràn?"

"Ibí náà ni. Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Reino Kangas. Kẹ́mísìrì ni mò ń kọ́ wọn." Ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó ti fẹ́ máa lọ. "Kì í ṣe tèmi ni mo bá wá o. Ọ̀rẹ́ mi kan ni. Olùkọ́ lòun náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ kan wà tí nǹkan ò lọ déédéé fún."

"Ọ̀rẹ́ yín yìí," ni Delphine wí, "ṣé òun náà máa ń dé gíláàsì mọ́rí kiri inú yìnyín?"

Reino fọwọ́ kan iwájú orí. Etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n. Ó bọ́ gíláàsì náà, omi inú rẹ̀ dà sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó fẹ́ fi bàtà nù ún, ẹrẹ̀ ìdí bàtà sì tún kún un.

"Ó dáa," ó ní. "Èmi ni ọ̀rẹ́ náà."

Àwọn èèyàn Reino ti wá láti Finland láyé àwọn bàbá ńlá wọn, láti wa kùsà ní etí adágún ńlá ìlú náà. Nínú ìran wọn, ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ yóò bá ọ ko yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí o tó jí, ṣùgbọ́n kò ní bi ọ́ pé báwo ni ọkàn rẹ. Kí irú wọn tó wá jókòó síwájú olùdámọ̀ràn, ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn. Delphine mọ èyí dáadáa, torí ìlú kan náà ló ti dàgbà. Ó gbé kọfí síwájú rẹ̀, ó sì dákẹ́ títí ọ̀rọ̀ fi jáde.

Ọmọbìnrin kan ni, Brenna Whitlock, ọdún kìíní. Bàbá rẹ̀ ti kú lóko wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ ló ti ń rù. Ó máa ń wá sí kíláàsì lónìí, kó má wá lọ́la, kò sì jọ pé ó ń sùn. Lánàá, ó wá sí ọ́fíìsì Reino láti dá ìwé padà. Reino bi í bóyá á lọ yọ̀ lórí yìnyín lópin ọ̀sẹ̀, torí pé gbogbo wọn ló mọ bó ṣe fẹ́ràn eré yẹn tó. Brenna ní òun ti fún ọ̀rẹ́ òun ní bàtà tí òun fi ń yọ̀, èyí tí bàbá rẹ̀ rà fún un. Ó ní òun ò ní í lò ó mọ́. Lẹ́yìn náà ló sunkún, ó ní ayé ti sú òun, ó sì bẹ Reino pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Mo sì ṣèlérí," ni Reino wí.

Ẹ̀rín ti kúrò lójú Delphine. "Ibo ló wà báyìí?"

"Nínú láàbù. Ẹnì kejì mi ń bá mi wò wọ́n. Wọn ò ní pẹ́ parí."

"Ìlérí yẹn, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ lónìí yìí."

"Ṣùgbọ́n mo ti fẹnu ara mi..."

"Ẹ lọ sọ fún un fúnra yín pé ọ̀rọ̀ yìí ju ohun tí ẹ lè dá gbé lọ. Ẹ̀yin ni kó ti gbọ́ ọ. Ó lè bínú sí yín. Ẹ jẹ́ kó bínú. Ó dìgbà téèyàn bá wà láàyè kó tó lè bínú." Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Lẹ́yìn náà, ẹ bi í bóyá ó ń ronú láti pa ara ẹ̀."

Kọfí dà sí Reino lọ́wọ́. "Báyẹn? Tí mo bá bi í, ṣé kì í ṣe èmi ni mo máa fi èrò yẹn sí i lórí?"

"Rárá. Bó bá wà níbẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìbéèrè ò lè gbìn ín. Ohun tí ìbéèrè máa ṣe ni pé á mọ̀ pé ẹnì kan wà tó lè gbọ́ ọ láìsá lọ. Ẹ má sì bi í pé 'o ò kúkú ń ro ìròkurò, àbí?' Ẹni tí wọ́n bá bi bẹ́ẹ̀, 'rárá' ló máa sọ, kó lè tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ dán an wò lára mi."

"Lára yín?"

"Èmi ni Brenna. Ó yá."

Reino wolẹ̀, ó bi bàtà ara rẹ̀ ní ìbéèrè náà. "Bàtà ò ní í dáhùn o," ni Delphine wí. Ó tún bi í, ó ń kánjú bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀ nílé àjèjì. "Ojú lọ̀rọ̀ wà, Dókítà Kangas." Nígbà tó ṣe, ó gbójú sókè. Ó wo Delphine lójú, ó bi í jẹ́jẹ́ bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀, omi sì lé ròrò sí i lójú bó ṣe ń sọ ọ́. Láti ọdún pípẹ́ ni Delphine ti ń kọ́ èèyàn ní ìbéèrè yẹn. Lọ́jọ́ náà, ó gbàgbé fún ìṣẹ́jú kan pé ìdánrawò ni. Ó ṣe é bíi pé kó dáhùn.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an," ló wá sọ. "Tó bá sì dáhùn, ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́. Ẹ má wàásù, ẹ má sọ fún un pé ayé dùn. Ẹ bá a rìn wá síbí. Ẹ má ní kó máa nìkan bọ̀."

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí Reino fi mú ọmọ náà dé. Ọmọ náà ń sunkún, inú ń bí i sí Reino, ó sì di apá aṣọ rẹ̀ mú gírígírí. Delphine ní ẹlòmíì lọ́dọ̀ nígbà yẹn, nítorí náà Ọ̀gbẹ́ni Gault, àgbà nínú àwọn olùdámọ̀ràn, ló gbà á wọlé. Reino jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí Delphine jáde, ó dìde fùú.

"Ṣé ó ti fara balẹ̀? Ṣé wọ́n ti pe ìyá ẹ̀?"

"Mi ò lè sọ nǹkan kan fún yín nípa ẹni tó bá wọ ibí. Mi ò tiẹ̀ lè sọ pé ẹnì kan wọlé."

"Èmi ni mo mú un wá!"

"Mo mọ̀. Síbẹ̀síbẹ̀."

Reino ro ó wò. "Ìyẹn náà dáa," ó ní. "Èmi náà á fẹ́ bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ tèmi." Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló máa ń bú àwọn olùdámọ̀ràn tó bá dórí ọ̀rọ̀ yẹn. Delphine rántí ìdáhùn yìí délé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ara Brenna bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Gault. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní kí Delphine máa kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkàn rẹ̀ bá gbọgbẹ́. Reino yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti máa ṣe akẹ́kọ̀ọ́ fún ìdánrawò. Ẹ wá wo eré o! Ó ń sunkún bí ẹni tó fata sójú, àwọn olùkọ́ ń rẹ́rìn-ín, Delphine ń lé e jáde. Àmọ́ ìbéèrè tó le jù yẹn, Reino ló máa ń fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe ń bi í, gbogbo ilé á sì pa lọ́lọ́.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, wọ́n á mu kọfí. Kọfí di oúnjẹ alẹ́. Oúnjẹ alẹ́ di ìrìn lórí adágún tó ti dì gbagidi, tí àwọn méjèèjì ń mú ara wọn dání bí arúgbó kí wọ́n má baà ṣubú. "Onígíláàsì" ni Delphine ń pè é. "Elétí mi" lòun náà ń pe Delphine, ó ní etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ wu òun, torí ó jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ tán.

"Etí nìkan?"

"Mo ṣì ń ka ìyókù. Má dà mí láàmú."

Kí Kérésìmesì tó dé, Reino mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ sáúnà, yàrá ooru tí àwọn ará Finland ti máa ń làágùn. Màmá Aili Kangas kì í fepo bọyọ̀ nínú ọ̀rọ̀. Nígbà tí òun àti Delphine jókòó nínú ooru náà, tí òógùn ń ṣàn, ó da omi sórí òkúta gbígbóná, ó sì sọ tinú ẹ̀.

"Wọ́n ní àṣírí ọmọ ọlọ́mọ lò ń gbọ́ jẹun."

"Mò ń bá wọn pa á mọ́ ni, Màmá."

"Hùn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tó ń gbọ́ ti gbogbo ayé, ọjọ́ kan á sọ ọ́ síbì kan. Mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé mi di ohun tí wọ́n á máa fi mu kọfí."

Ọ̀rọ̀ náà dun Delphine, ṣùgbọ́n ó gbà á mọ́ra. Nínú mọ́tò, Reino bẹ̀ ẹ́. "Ó máa rọ̀. Tí ọdún tuntun bá wọlé, mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ wa."

"Ọ̀rọ̀ wa wo?"

"Èyí tó o mọ̀ náà."

Delphine kọ ojú sí fèrèsé kí ọkùnrin yìí má baà rí bí inú òun ṣe dùn tó. Ó ti lé lẹ́ni ọdún márùndínlógójì, ó ti pinnu pé òun máa dá gbé, ìpinnu náà sì ti yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Oṣù kìíní ni Ọ̀gbẹ́ni Gault yọ̀ ṣubú lórí yìnyín, egungun ìdí rẹ̀ sì kán. Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fún àwọn olùdámọ̀ràn méjì tó kù. Brenna bọ́ sọ́dọ̀ Delphine. Ọmọ náà kò tíì jókòó dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá mi kú. Ọ̀gbẹ́ni Gault ṣubú. Ẹ̀yin ńkọ́, ìgbà wo lẹ máa lọ?"

"Mi ò lọ síbì kankan."

"Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀." Ó ń ká etí aṣọ rẹ̀. "Ẹ ṣèlérí fún mi pé ohun tí mo bá sọ níbí ò ní dé etí Dókítà Kangas. Òun nìkan ni mo lè wà lọ́dọ̀ ẹ̀ ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ yìí kí n mí. Ó rò pé ara mi ti yá. Èrò yẹn ṣì wá sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò fẹ́ kó mọ̀."

Delphine ṣèlérí fún un. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kó lọ jẹun nílé Reino. Bí ọmọ yìí bá rí i pé ẹni tí òun ń tú ọkàn sílẹ̀ fún ni Dókítà Kangas ń fẹ́, ṣé á tún la ẹnu mọ́? Bí wọ́n bá sì gbé e fún ẹnì kẹta, ìyẹn ti di àdánù mẹ́ta láàárín ọdún kan, ọmọ náà kò sì lágbára fún un. Òfin iṣẹ́ wọn kò fi ọ̀nà kejì sílẹ̀: o kò lè máa gbọ́ àṣírí ọmọ, kí o tún máa fẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Èyí tó wá burú jù ni pé kò lè sọ ìdí ẹ̀ fún Reino, nítorí ìdí náà gan-an ni àṣírí.

Kò jẹ oúnjẹ tí Reino sè. Kò tiẹ̀ bọ́ kóòtù.

"Reino, a ò lè máa rí ara wa mọ́."

Reino rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. "Kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan."

"Màmá mi ni?"

"Kì í ṣe Màmá."

"Ẹlòmíì ni?"

"Kò sí ẹlòmíì."

"Sọ fún mi nígbà náà! Delphine, ìwọ lo kọ́ mi pé kí n máa bi èèyàn lójúkojú. Mò ń bi ọ́."

"Mi ò lè sọ ọ́. Mi ò mọ ìgbà tó máa tán. Mi ò sì ní kó o dúró dè mí."

Ó jáde. Ó sunkún nínú mọ́tò títí gíláàsì iwájú fi bò fún èémí rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Ó rí i kedere pé ohun tó tọ́ ni òun ṣe, kò sì dín ẹkún náà kù.

Ìgbà òtútù yẹn gùn. Reino kò dá sí i mọ́. Bí wọ́n bá pàdé nílé oúnjẹ, á kọjá bí ẹni tó kọjá lára ògiri. Obìnrin olùkọ́ orin kan bẹ̀rẹ̀ sí í yan búrẹ́dì wá fún Reino, Delphine a sì máa rí wọn bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ létí fèrèsé. Ó ń jowú. Ó mọ̀ pé òun kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jowú, ó sì ń jowú.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Brenna á wá jókòó síwájú rẹ̀. "Dókítà Kangas ò rẹ́rìn-ín mọ́," ló sọ lọ́jọ́ kan. "Ó da iyọ̀ sínú kọfí níwájú gbogbo wa, ó sì mu ún. Ẹ ò mọ ohun tó ń ṣe é?"

"Jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ tìẹ," ni Delphine wí. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Iṣẹ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí yìnyín ń yọ́ lórí òrùlé, Reino dá a dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ìbéèrè kan péré. Ṣé o fẹ́ràn mi rí?"

"Mo fẹ́ràn ẹ. Mo ṣì fẹ́ràn ẹ. Ìyẹn ni mo lè sọ."

"Irú ìfẹ́ wo ló ń lé èèyàn jáde?" ló bi í, ó sì lọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ì bá dá a padà. Delphine dúró síbẹ̀, ó pa gbólóhùn náà mọ́ ẹ̀yìn eyín.

Nígbà tó di oṣù karùn-ún, Brenna ti ń jẹun, ó ti ń sùn, ó sì ti lè sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ kó rẹ́rìn-ín sí i. Ó yege kẹ́mísìrì. Ó fẹ́ lọ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nítòsí ìyá rẹ̀, ó sì ti bá olùdámọ̀ràn kan níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ìjókòó ìkẹyìn, ó ní, "Mo fẹ́ sọ fún Dókítà Kangas pé ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú mi. Ṣé mo lè sọ ọ́?"

Delphine lè sọ pé 'sọ ọ́, jọ̀ọ́, sọ ọ́ lónìí.' Kò sọ bẹ́ẹ̀.

"Tìẹ ni," ó ní. "Tó bá wù ẹ́ kó o sọ ọ́, sọ ọ́. Tí kò bá wù ẹ́, má sọ ọ́."

Nínú láàbù ni Brenna ti sọ ọ́, bó ṣe ń dá aṣọ funfun padà. "Láti ìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Gault ti ṣubú ni," ó ní. "Láti oṣù kìíní." Reino wá àga fi ìdí lé. Ọmọ náà bi í bóyá ara olùkọ́ náà yá, Reino ní ara òun yá gan-an.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ ọ́fíìsì Delphine, kò sì jókòó.

"Mi ò wá bi ọ́ ní nǹkan kan. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ẹni tó ni ín. Má dá mi lóhùn lórí ẹ̀."

Delphine kò dá a lóhùn.

"Mo pè ọ́ ní òǹrorò níwájú Màmá mi. Mo ń kọjá lára ẹ bíi pé n kò rí ẹ. Dárí jì mí."

"Ó dùn mí, Reino." Omijé ti dé. "Ojoojúmọ́ ló ń dùn mí."

"Mo mọ̀. Fẹ́ mi."

"Háà! Báyìí? Olórin oníbúrẹ́dì ńkọ́?"

"Búrẹ́dì ẹ̀ le. Fẹ́ mi, Elétí mi."

"Màmá ńkọ́?"

"Ó wà nínú mọ́tò."

Màmá Aili kò dúró kí wọ́n pe òun. Ó ti wọlé, ó di báàgì mú láyà. "Mo bi ọmọ yìí títí pé kí ló yí i lọ́kàn padà sí ẹ. Ó ní òun ò lè sọ, pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni. Èmi ìyá ẹ̀! Mo ní ta ló kọ́ ẹ ní irú ẹnu dídì báyìí? Ó ní ìwọ ni." Ó mí kanlẹ̀. "Mo ṣì ẹ́ mú, ọmọ mi. Sátidé, a máa dáná sáúnà. Máa bọ̀."

"Mo gbọ́, Màmá," ni Delphine wí. Ó wá yíjú sí Reino. "Mo gbà láti fẹ́ ẹ."

Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré etí adágún. Lẹ́yìn ìsìn, ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó ń bọ àwọn àlejò lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan. Láàárín wọn ni Brenna Whitlock ti yọ, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún. Reino ló pè é, gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́.

Àwọn olùdámọ̀ràn ní àṣà kan. Bí wọ́n bá pàdé ẹni tí wọ́n ń tọ́jú níta, wọn kì í kọ́kọ́ kí i. Ẹni náà ni yóò yàn bóyá àwọn mọ ara àwọn. Bó bá kọjá, wọ́n á jẹ́ kó kọjá. Nítorí náà, nígbà tó kan Brenna, Delphine fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì ń tún òdòdó àyà rẹ̀ tò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ fò mọ́ ọmọ náà.

Màmá Aili fi ìgúnpá gún un. "Kí àlejò, jàre! Irú ìwà wo nìyí?"

Delphine ṣì ń tún òdòdó náà tò. Brenna wo ìyá náà, ó wo ìyàwó, ó sì gbé ohùn sókè tí gbogbo ẹnu ọ̀nà fi gbọ́.

"Màmá, ẹ má bá wọn wí. Mi ò fẹ́ wà láyé mọ́ nígbà òtútù tó kọjá. Àwọn ni wọ́n jókòó tì mí. Ìgbà tí ìwé ìpè dé ni mo tó rò ó pé oṣù tí mo bọ́ sọ́dọ̀ wọn ni ẹ̀rín Dókítà Kangas dá. Èmi ni wọ́n torí ẹ̀ kọ ọmọ yín sílẹ̀, wọn ò sì sọ fún ẹnì kankan."

Ó ṣí apá méjèèjì. Ìgbà yẹn ni Delphine tó dì mọ́ ọn, tó pe orúkọ rẹ̀ níwájú èèyàn fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Brenna, o káàbọ̀," ó ní. "Ṣé o ti jẹun?"